Igi Mépù Iwájú Ilé Mi àti Èso Òfìfo

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá tó ń ta igi sọ fún mi ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì bá mi wálé, ó bá mi jẹun, ó bá mi sùn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi kúrò lọ́kàn mi. Mo ti ṣa èso díẹ̀ lábẹ́ igi mépù iwájú ilé mi sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ bá a nínú ọgbà tó ti ń tajà, mo bi í pé báwo ni mo ṣe lè gbìn wọ́n. Kò tilẹ̀ tú ọ̀rá náà. Ó kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, òfìfo ni wọ́n.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, Yorùbá ni mo fi gbọ́ ọ. Òfìfo. Bàbá náà kò ṣe àìdáa sí mi. Òótọ́ tó mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n igi yìí so lọ́dún náà débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń dúró wò ó, mo sì máa ń bi ara mi léèrè bí nǹkan tó so tó báyìí ṣe lè jẹ́ òfìfo. Mo sì mọ̀ pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, kì í ṣe nípa igi. Ẹni tó sọ ọ́ ni mi ò tíì fẹ́ rántí.

## Ara rẹ̀ ń bó

Bí a bá dárúkọ mépù, ewé pupa inú àsíá Kánádà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rò. Tèmi kò jọ ọ́. Acer griseum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Àwọn Òyìnbó tó ń gbìn ín ń pè é ní mépù eléèpo bébà, orúkọ yẹn sì bá a mu. Àárín gbùngbùn Ṣáínà ni orísun rẹ̀, ní agbègbè olókè bíi Hubei, Shaanxi, Henan àti Sichuan. Igi kékeré ni. Bó bá dàgbà tán, nǹkan bíi mítà 6 sí 9 ni gíga rẹ̀ máa ń jẹ́, kì í sì í kánjú. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti gbìn ín síhìn-ín ní àríwá England, orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan fèrèsé òkè ni.

Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rà á. Àwọ̀ bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán ni èèpo náà ní, ó sì ń ṣí kúrò lára igi ní abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń ká bí ìwé àtijọ́, ṣùgbọ́n kì í tètè já bọ́. Á wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, afẹ́fẹ́ á máa mì ín. Nígbà òtútù, bí oòrùn bá ti lọ sílẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú àwọn abala wọ̀nyẹn kọjá, gbogbo igi náà á wá dà bí ẹni pé wọ́n tan iná sí i nínú. Kò sí ewé lórí igi kankan ní àdúgbò wa nígbà yẹn. Òun nìkan ló ń tàn.

Ẹni tó bá rí i, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un láti bó o. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé ìwé máa ń ṣe é, èmi náà ti ṣe é. Kò dára. Èèpo tó bá fúnra rẹ̀ ṣí, igi ti ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí a bá fi agbára fà, ó lè dé ibi tutù tó wà lábẹ́, ibẹ̀ á sì di ọgbẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ní ká wo dídùn ìfọ́n, a ó họra dé eegun.

Ewé rẹ̀ pín sí mẹ́ta gédégédé, ọmọ ewé mẹ́ta lórí ọrùn kan, bí ewé ẹ̀wà ṣe máa ń rí nínú oko. Etí wọn ní eyín díẹ̀ tí kò mú. Méjì méjì ni wọ́n ń yọ lára ẹ̀ka, ọ̀kan kọjú sí èkejì, àmì tí a fi ń dá mépù mọ̀ nìyẹn. Òkè ewé náà dúdú mininjọ, ṣùgbọ́n bí o bá yí i padà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi eérú pa. Eérú yẹn gan-an ni griseum túmọ̀ sí. Adrien Franchet, onímọ̀ ewéko kan ní Paris, ló fún un lórúkọ náà ní ọdún 1894. Ewé gbígbẹ tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà ló wà níwájú rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ kà á sí ẹ̀yà kan lára mépù mìíràn tó wà ní Japan. Ọdún 1902 ni Ferdinand Pax, ọmọ Jámánì, tó gbà pé igi ọ̀tọ̀ ni. Mo máa ń ronú sí i pé gbogbo ẹwà èèpo yìí, orúkọ tí igi náà ń jẹ́ kò kàn án rárá. Ohun tó wà lórí tábìlì nìkan ni ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ rí.

Èso rẹ̀ ló kan ọ̀rọ̀ wa. Méjì méjì ni wọ́n so pọ̀, orí sí orí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3, bí apá esinsin ńlá. Kóró wà ní ìdí apá náà, ó tóbi tó ẹ̀pà kékeré, irun wà lára rẹ̀ bíi ti aṣọ òwú tó ti gbó, ara rẹ̀ sì le bí igi. Bó bá gbẹ tán, á já, á máa yí bí òòyì títí á fi kanlẹ̀.

## Ìbátan iṣin

Màámi dé láti Abẹ́òkúta ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n gbé kóòtù mi wọ̀ lé ìró àti bùbá, wọ́n dúró ti igi náà.

"Àdùkẹ́, kí ló ń ṣe igi yìí? Ara rẹ̀ ń bó."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Màámi. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbìn ín."

Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ara igi náà láìfa èèpo kankan. "Bíi ti gúáfà ẹ̀yìnkùlé Bàbá mi ni. Igi gúáfà náà ń bó báyìí." Òótọ́ ni. Mo ti gun igi gúáfà ní kékeré tó ìgbà tí mi ò lè kà, mo sì ti wà nídìí mépù yìí fún ọdún mọ́kànlá, kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, aládùúgbò mi kan tó jẹ́ ọmọ Jamaica gbé abọ́ oúnjẹ wá kí wọn káàbọ̀: ackee àti ẹja oníyọ̀. Màámi ṣí ìdérí, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Iṣin nìyí! Ta ló fún wọn ní iṣin wa?" Ìbéèrè ńlá ni, obìnrin náà sì mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrú ló gbé e dé Jamaica láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1778 ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé. Lónìí èso orílẹ̀-èdè Jamaica ni. Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òfin iṣin fún ara wọn, èmi ni ògbufọ̀. Màámi ní ilé Bàbá wọn, èso tí kò bá tíì lanu fúnra rẹ̀ lórí igi, a kì í já a. Obìnrin náà ní àwọn náà ní ọ̀rọ̀ yẹn, pé ackee gbọ́dọ̀ yán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, nítorí májèlé ni èyí tí kò tíì là. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú lórí tábìlì.

Mo wá sọ ohun tó ti pẹ́ lọ́kàn mi fún wọn, pé iṣin àti mépù tó wà níta yẹn, ẹbí kan ni wọ́n. Tẹ́lẹ̀, wọ́n fún mépù ní agboolé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, bí àwọn onímọ̀ ti ń wo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ igi gan-an, wọ́n kó mépù mọ́ ìdílé Sapindaceae, ìdílé tí iṣin wà. Májèlé inú iṣin tí kò tíì là, hypoglycin, ni wọ́n tún bá nínú kóró àwọn mépù kan. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, àwọn ẹṣin ti ń kú lójijì nínú pápá, iṣan ara wọn á kàn bà jẹ́, ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àárín ọdún 2013 sí 2014 ni wọ́n rí i pé kóró mépù tó já sínú koríko ni. Ní ilẹ̀ England níhìn-ín, igi sycamore ló ń fà á, mépù ni òun náà.

Màámi wo ojú fèrèsé lọ sí ibi tí igi náà wà. "Ìbátan iṣin," ni wọ́n wí. Wọ́n yí sí mi: "Kí ló dé tí o kò gbin ọmọ rẹ̀?"

Mo sọ ohun tí bàbá ọlọ́gbà sọ fún wọn. Mo lo ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo rí i pé ojú wọn yí padà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ nǹkan kan.

## Tábìlì ilé ìdáná

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé ọ̀rá èso náà ka orí tábìlì, wọ́n gbé pátákó ìgẹ́fọ̀ọ́ àti ọ̀bẹ kékeré. "Jẹ́ ká là á wò," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá sọ pé nǹkan ṣófo, kó ṣí i han ẹni."

Kò rọrùn láti là. Èèpo kóró yẹn nípọn, ọ̀bẹ ń yọ̀ lára irun rẹ̀. Màámi ló mọ ọgbọ́n rẹ̀: wọ́n gbé kóró dúró ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi ẹnu ọ̀bẹ sí ojú ibi tó ti so mọ́ èkejì, wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Kò! Ó là. Àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ihò mímọ́ kan, tó ń dán, pẹ̀lú awọ tín-ín-rín kan nísàlẹ̀ tó ti rún bí èèpo àlùbọ́sà. Èkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ìkẹwàá, bẹ́ẹ̀ náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe pé tó. Kò sí èyí tó kéré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sí èyí tí apá rẹ̀ wọ́. Igi náà ti ṣe gbogbo ohun tí igi ń ṣe. Ó kọ́ ilé, ó kan ilẹ̀kùn, ó gbé apá sí i kí ó lè fò.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlélógún ló yàtọ̀. Ìró rẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ yàtọ̀, kò dún kò, ó dún bí ìgbà tí a gé iṣu. Nígbà tí a ṣí i, ó kún dé etí. Ohun kan ká jọ sínú rẹ̀, ó tutù, ó ká orí mọ́ ẹsẹ̀ bí ọmọ tó ń sùn.

Inú mi dùn, mo pariwo. Màámi kò pariwo. Wọ́n wo ìdajì kóró tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "A ti pa á."

Òótọ́ ni. Àwa kò ní bí a ṣe lè mọ̀ pé ó kún láìlà á, bí a bá sì ti là á, kò lè hù mọ́. Mo jókòó. A ti la kóró mẹ́tàlélógún, a sì rí i pé ọ̀bẹ wa kò lè dá ẹnikẹ́ni láre, ó kàn lè pa ni.

Màámi fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́ wọn nínú aṣọ ìnuwọ́, wọ́n tún nù ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ọjọ́ tí èmi àti àbúrò mi jà nítorí owó ìyá wa, o wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àbí?"

"Mo wà níbẹ̀, Màámi."

"O gbọ́ ohun tí mo pè é."

"Mo gbọ́ ọ."

Màmá Kékeré ni a ń pè é, àbúrò Màámi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé fún ọdún mẹ́fà nígbà tí Màámi ń ṣòwò ní Kútọnu. Òun ló di irun mi lọ sí ilé ìwé, òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń yọ awọ pupa kúrò lára iṣin. Kò bímọ. Ọdún kẹjọ tó wà nílé ọkọ, wọ́n gbé ìyàwó mìíràn wọlé lé e lórí. Lọ́jọ́ ìjà yẹn, Màámi dúró ní àárín gbọ̀ngán, wọ́n ní kí òfìfo má bá ìyá ọlọ́mọ du ogún. Gbogbo ilé dákẹ́. Èmi ni mo gbọ́ ìró bàtà Màmá Kékeré bó ṣe ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyàwó kejì náà lo ọdún márùn-ún nílé ọkùnrin yẹn," ni Màámi wí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Kò bí. Ó kó jáde, ó fẹ́ ẹlòmíràn ní Ṣàgámù, ó bí mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ yẹn, ó wá, ó kúnlẹ̀ níwájú àbúrò mi nínú ẹrẹ̀. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ sí yín.' Àbúrò mi gbé e dìde. Èmi dúró níbẹ̀ mo ń wò wọ́n. Èmi ò kúnlẹ̀."

Ọdún mẹ́fà rèé tí Màmá Kékeré ti lọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún ìyá mi, nítorí náà mo kó èso tó kù tí a kò tíì là padà sínú ọ̀rá, mo so ẹnu rẹ̀.

## Ohun tí Wilson kó

Mo lo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e láti wá ìdí òfìfo náà rí. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní ọdún 1899, ilé-iṣẹ́ Veitch, àwọn tó ń ta igi àti òdòdó ní England nígbà náà, rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ernest Henry Wilson, lọ sí Ṣáínà. Igi kan ni wọ́n rán an sí, kì í ṣe mépù. Augustine Henry, onímọ̀ ewéko tó ti gbé Ṣáínà, ló sọ ibi tí igi náà wà fún un. Wilson rin ìrìn àjò tó le gan-an kó tó dé ibẹ̀, ó bá kùkùté. Wọ́n ti gé igi náà, wọ́n ti fi kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó padà rí òmíràn níbòmíràn, ó sì ń bá ìrìn àjò lọ. Ní ọdún 1901, kóró mépù eléèpo bébà wà lára ohun tó fi ránṣẹ́ sí England. Ní ọdún 1907, ó tún ti ń ṣiṣẹ́ fún Arnold Arboretum, ọgbà ìwádìí igi kan ní ìlú Boston, nígbà náà, ó kó ọmọ igi díẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà.

Ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ni ìṣòro náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú mépù yìí tó wà nínú ọgbà àwọn Òyìnbó, láti ara ohun tí Wilson kó ni wọ́n ti wá. Ọmọ àti ọmọ ọmọ ìwọ̀nba igi ni wọ́n, wọ́n sì tú wọn ká: ọ̀kan síwájú ilé yìí, ọ̀kan sínú ọgbà ìlú tó wà ní máìlì mẹ́wàá. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó èkíní kì í dé ọ̀dọ̀ èkejì. Igi yìí sì ní ìwà kan: ó lè mú èso jáde láìjẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú kankan dé ibi tó yẹ kó dé. Èso á yọ, apá á yọ, èèpo á le, gbogbo rẹ̀ á gbó, kò ní sí ọmọ nínú. Nínú ọgọ́rùn-ún kóró tí ẹnìkan bá ṣa nínú ọgbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí tó kún kì í tó mẹ́wàá. Ẹ̀ka rẹ̀ tí a bá gé rì mọ́lẹ̀ náà kì í sábà ta gbòǹgbò.

Ilé rẹ̀ ní Ṣáínà náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Àwọn igbó tó wà ti kéré, wọ́n sì jìnnà síra wọn, ó ti wọ inú àwọn igi tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, kà sí ohun tó wà nínú ewu ìparun. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ láti Arnold Arboretum, Morris Arboretum àti Morton Arboretum ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Beijing, lọ wá a kiri lórí àwọn òkè náà, wọ́n kó ewé àti ọmọ igi láti oríṣiríṣi ibi. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹ̀jẹ̀ tuntun, kí àwọn tó wà lẹ́yìn odi lè rí ìbátan tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Igi kan kì í dá igbó ṣe, a máa ń pa òwe yẹn níbi ìpàdé ẹgbẹ́, nígbà tí a bá fẹ́ kí àwọn èèyàn dáwó. N kò gbọ́ ọ rí bí mo ṣe gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bàbá tó fi ọwọ́ tẹ èso mépù mi tó ní òfìfo ni wọ́n, kò parọ́ nípa èso. Ó kàn ń wo igi kan ṣoṣo, ó sì ń bi í ní ohun tí igi méjì ló lè dáhùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

## Ẹ̀yìn ìyàwó

Níbi ìgbéyàwó wa, a máa ń gbàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní. Mo fẹ́ràn àdúrà náà, mo ti ṣe àmín sí i tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo ti wá ń gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ta ni a dárúkọ? Tí oṣù mẹ́sàn-án bá pé, ikùn ta ni gbogbo ìdílé ń wò? Ta ni wọ́n ń mú lọ sí orí òkè àdúrà, ta ni wọ́n ń fún ní àgbo, ta ni ìyá ọkọ ń bi ní ìbéèrè nínú ilé ìdáná? Àwọn dókítà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé nínú àwọn tọkọtaya tí ọmọ pẹ́ dé bá, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọkọ, yálà òun nìkan tàbí òun àti ìyàwó, kò jìnnà sí ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ Màmá Kékeré kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi kú. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní ta ni mo fẹ́ kí wọ́n wá dá lẹ́bi, ṣé ọkọ ni? Rárá. Bí a bá gbé òfìfo kúrò lórí obìnrin tí a lọ gbé e lé ọkùnrin lórí, ọ̀bẹ kan náà ni a ṣì mú lọ́wọ́. Ohun tí mo ń bínú sí ni bó ṣe yá wa lára láti sọ orúkọ ohun tí a rí lóde, ká sì fi orúkọ náà pe èèyàn títí ayé. Màmá Kékeré tọ́ ọmọ mẹ́rin tí kò bí, èmi wà lára wọn. Ó kọ́ ilé, ó kan ilẹ̀kùn. Ilé rẹ̀ ni gbogbo wa máa ń sá lọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tún dá oúnjẹ fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fún mi ní ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò.

Mo rántí ẹran yẹn dáadáa. Mi ò lè jẹ ẹ́ tán.

## Ìkòkò mẹ́rin

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Màámi padà, wọ́n ní ká gbin èyí tó kù. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kò dájú, àti pé èyí tó bá kún náà kì í tètè hù. Èèpo kóró le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, kóró fúnra rẹ̀ sì fẹ́ kí òtútù ti mú un gan-an kó tó jí. Ìgbà òtútù méjì ló sábà máa ń rí, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màámi ní ta ló bi mí ní iye ọdún.

Kóró 118 ló kù. A kò la ọ̀kankan nínú wọn. Màámi ṣẹ́ apá wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kà wọ́n sókè bí wọ́n ṣe ń kà á fún mi nígbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. A pín wọn sínú ìkòkò mẹ́rin, a da iyẹ̀pẹ̀ tó pò mọ́ yanrìn bò wọ́n, mo wá ta àwọ̀n onírin lé wọn lórí nítorí ọ̀kẹ́rẹ́. A gbé wọn sí ìdí igi náà, ní ìhà àríwá, níbi tí yìnyín kì í ti tètè yọ́.

Kí wọ́n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, Màámi gbé ọwọ́ wọn lé etí ìkòkò tó wà ní ìparí. Mo rò pé wọ́n ń wá ohun tí wọ́n fi máa dìde ni, mo na ọwọ́ sí wọn. Wọn kò gbà á. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́, orúkọ àbúrò wọn nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo yí ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Wọ́n ti wà ní Abẹ́òkúta báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n máa ń pè mí lórí WhatsApp. Wọ́n á bèèrè ara mi, wọ́n á bèèrè iṣẹ́, wọ́n á ní, "Ìkòkò wa ńkọ́?" Mo máa ń gbé fóònù jáde lọ fi hàn wọ́n. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Iyẹ̀pẹ̀ tútù nìkan ló wà níbẹ̀, àti abala èèpo kan tó já láti ara igi, tó há sórí àwọ̀n.